Ọ̀pá Tó Ń Jí Ará Ìjọ

Ẹnu ọkùnrin náà là gbàgà, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sí èjìká ọ̀tún, ìwé orin sì ti já bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni Ìyádùnní ṣe kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí yóò fẹ́, kò sì sí ohunkóhun tó jọ ìfẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pá náà gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlá, òun ni wọ́n fi ń jí ẹni tó bá ń sùn nígbà ìwàásù. Oyèlẹ́yẹ bàbá rẹ̀, tí í ṣe Bàbá Ìjọ, ló ti ń gbé e láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí orúnkún ń dà á láàmú ló gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyádùnní kò sì ṣe ojúsàájú. Ó ti kan ìyàwó pásítọ̀ lórí rí. Ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó fi imú kọrin, ẹni tí gèlè rẹ̀ ga jù, gbogbo wọn ló ń gbọ́ tiwọn lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ìfẹ́ ilé Ọlọ́run ló ń ṣe òun.

Ó na ọ̀pá, ó kan àlejò náà níwájú orí.

"Búrẹ́dì ń jóná o!" Ọkùnrin náà fò dìde, ó ti sáré dé àárín ọ̀nà kó tó mọ ibi tó wà. Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ fi Bíbélì bo ojú.

"Ẹ lọ jókòó," Ìyádùnní sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sí búrẹ́dì níbí."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ọkùnrin náà dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà bá Ìyádùnní délé, inú sì bí i pé ó bá òun délé.

Lọ́sẹ̀ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ará ìjọ. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Nígbà tí Ìyádùnní gbọ́ ọ̀mùtí, ọkàn rẹ̀ gún un díẹ̀, nítorí ọ̀pá òun ló fi ọkùnrin náà han ayé. Lọ́jọ́ Túsìdé, ó wá a lọ sí ọ̀nà Ọ̀tan láti gbà á nímọ̀ràn.

Ààrò amọ̀ ńlá ló bá níbẹ̀, àti àlejò náà, Hezekiah, ọmọ ìlú Ọ̀rà, tí ìyẹ̀fun bò láti orí dé ẹsẹ̀. Òun àti Abọ́sẹ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà. Gbogbo òru Sátidé ni Hezekiah fi ń po ìyẹ̀fun tó sì ń yan búrẹ́dì, kí ará Ìlá lè rí nǹkan jẹ kí wọ́n tó lọ sí ìsìn.

"Ta ló ń jẹ gbogbo eléyìí?" Ìyádùnní bi í.

"Ilé pásítọ̀. Ilé Bàbá Ìjọ. Ilé gbogbo àwọn tó ń pè mí ní ọ̀mùtí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Búrẹ́dì ti wà lẹ́nu wọn nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kó há wọn lọ́rùn."

Ìyádùnní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ṣé ó dùn yín púpọ̀?"

"Ó dùn mí. Ọlọ́pàá mi, bó o bá tún máa kàn mí, rọra."

Ó ní ọlọ́pàá òun! Ìyádùnní gbàgbé gbogbo ìmọ̀ràn tó gbé wá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra búrẹ́dì lójoojúmọ́, débi pé ìyá rẹ̀ ń fi ṣe oúnjẹ adìẹ.

Nígbà tí Hezekiah rán àwọn àgbà wá tọrọ rẹ̀, Bàbá Oyèlẹ́yẹ fajú ro. "Ẹni tí kò lè ṣọ́nà fún wákàtí kan, ṣé òun ni yóò ṣọ́ ọmọ mi?" Ìyádùnní bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, bàbá ní kí pásítọ̀ ṣe ìkéde ìgbéyàwó náà ní Sọ́ńdè mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá tòògbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun Oyèlẹ́yẹ ni yóò dìde pé òun kọ̀.

Sọ́ńdè kìíní, Hezekiah jẹ ataare. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ó ń ronú pìwà dà ni. Sọ́ńdè kejì, ó dúró ti òpó títí ìwàásù fi parí. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń bọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, Ìyádùnní sì rí i pé kò ní lè ṣe é mọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Ẹ lọ sùn," ó sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. "Èmi àti Àǹtí Abọ́sẹ̀dé la máa ṣe é."

"Ìwọ? O mọ búrẹ́dì ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n jẹ. Ẹ lọ sùn, olówó orí mi."

Ó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń lọ ran Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́. Kò purọ́, kò kàn ṣàlàyé ni.

Lọ́jọ́ kejì, Hezekiah jókòó ṣanṣan bí ṣọ́jà. Ìyádùnní wà ní àyè rẹ̀, ó fara ti ọ̀pá. Ó ní kí òun jókòó díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn èèyàn ló ti gbọ́ ọ.

Ọ̀pá ṣubú, ó dún gbàmù. Àwọn tó ń sùn jí, àfi ẹni tó ni ọ̀pá. Ó ń hanrun. Bàbá Oyèlẹ́yẹ dìde, ó gbé ọ̀pá nílẹ̀, gbogbo àwọn tí Ìyádùnní ti kàn rí sì na ọrùn síwájú kí wọ́n lè rí i dáadáa. Hezekiah bọ́ síta láàárín wọn. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ká a, ó sì fi ti orí Ìyádùnní.

"Kúrò níbẹ̀," bàbá ní. "Òfin kò mọ ọmọ ẹni."

"Bàbá, èmi ni kẹ́ ẹ kàn. Oorun tèmi ló ń sùn. Òun ló ṣe búrẹ́dì tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ yìí, kí n lè jókòó síbí láì tòògbé."

Bàbá wo ìgbọ̀nwọ́ ọmọ rẹ̀, ó rí ìyẹ̀fun tó gbẹ mọ́ ọn. Láàárọ̀ náà, ó ti jẹ búrẹ́dì tó pọ̀, ó tiẹ̀ gbàdúrà fún ọwọ́ tó ṣe é. Ó rántí gbogbo orí tó ti kàn láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sì bi ẹnì kankan rí pé kí ló gba oorun lójú rẹ̀. Ó rọra fi ọ̀pá lélẹ̀.

"Pásítọ̀," ó ní, "ẹ má pariwo."

Pásítọ̀ fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ parí ìwàásù. Ìyàwó pásítọ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Ìyádùnní. Nígbà tí ìkéde dé, pásítọ̀ ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, kó sọ ọ́. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Oyèlẹ́yẹ.

Bàbá fi ìka sí ètè. "Ẹ dákẹ́ o," ó ní. "Ẹ ò rí i pé ọmọ mi ń sùn ni?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ọ̀pá yẹn ni bàbá fi ta ìyàwó lọ́rẹ. Ó ti kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi yọ búrẹ́dì nínú ààrò.