Ohùn Ẹni Tó Di Kámẹ́rà Mú

Ìgbà àkọ́kọ́ tí aránṣọ rí ọkùnrin náà, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn eruku kúrò nínú ẹ̀rọ kan bí ẹni ń nu imú ọmọ.

"Ẹ jókòó," ló wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wáyà ló sì kún orí rẹ̀.

"Ṣé kí n jókòó lé wáyà ni?"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ tó ti múra ìjà tẹ́lẹ̀ kò rí ìjà ọ̀hún jà mọ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àdúgbò ń pè é, torí pé kò sí iṣẹ́ tó ń kánjú ṣe. Fídíò ilé wọn ni aránṣọ gbé wá fún un nínú fíláàṣì: ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí wọ́n kun ilé lọ́dà, ọjọ́ tí bàbá ń kan àga. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ máa wò wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, fóònù kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ DVD àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ nìkan ni ìka rẹ̀ mọ̀. Aránṣọ ti da fídíò náà sórí díìsì fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà gbé e mì, ó ní òun kò lè kà á.

"Ẹ̀rọ yín ti dàgbà, èdè àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ni fídíò yìí ń sọ," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n yí i sí èyí tó gbọ́."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Ẹ ò tíì gbọ́ orúkọ mi ni?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí yà síbẹ̀ ju bí iṣẹ́ náà ṣe gbà lọ. Ó rán bọ́tìnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà kó wáyà kúrò lórí àga, ó ní ti aránṣọ nìkan ni. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ", tí "ìwọ" sì di "olówó abẹ́rẹ́ mi".

Ìfẹ́ yìí ló kó bá iṣẹ́ náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fẹ́ wu àna ọ̀la. Ó gbọ́ afẹ́fẹ́, ikọ́ àti ohùn obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán. Bó ṣe máa ń ṣe sí fídíò àwọn oníbàárà rẹ̀, ó yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ó fi orin tútù rọ́pò.

Bàbá wo fídíò náà tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ìyàwó mi dà?"

"Bàbá, Màmá ló máa ń di kámẹ́rà mú. Wọn ò sí nínú àwòrán."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù fún mi! Ta ló pa á lẹ́nu mọ́?"

Aránṣọ kò purọ́ fún bàbá rẹ̀ rí. Ó jẹ́wọ́ ẹni tó ṣe é, ó sì jẹ́wọ́ pé ẹni náà lòun fẹ́ fẹ́.

"Ẹni tó pa ìyàwó mi lẹ́nu mọ́ kò ní fẹ́ ọmọ mi." Bàbá gba fíláàṣì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi í sápò.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jókòó gbì nígbà tó gbọ́. "Ariwo ni mo pè é. Mo sì ti pa ẹ̀dà fídíò náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi, bí mo ṣe ń pa ti gbogbo èèyàn rẹ́."

"Mi ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá mi kọ̀," ni aránṣọ wí. "Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lójú yín. Fíláàṣì yín kò ní kúrò nílé."

Bàbá wò ó títí. "Káfíńtà tí kò bá gé pákó kúrú rí, kò tíì ṣiṣẹ́. Wọlé."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń wọ́ bí ìgbín.

"Kí ló dé tó ń falẹ̀ báyìí?"

"Bàbá, orúkọ rẹ̀ ló ń rò ó," ni aránṣọ wí. Díẹ̀ ló kù kí bàbá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí díìsì wọ inú ẹ̀rọ, bàbá fúnra rẹ̀ ló tẹ rìmóòtù. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ṣì dúdú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fá pákó. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹnì kan wúkọ́, ó sì wí pé, "Káfíńtà mi, ẹ gbójú sókè, jàre! Ṣé pákó ni mo fẹ́ yà ni, àbí ọkọ mi?"

"Mo ti gbójú sókè," ni bàbá dáhùn láti orí àga rẹ̀.

Aránṣọ bú sẹ́kún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, fa fóònù rẹ̀ yọ láti fi ya bàbá àti ọmọ.

"Gbé e wá," ni bàbá wí. "Ẹni tó bá ń di kámẹ́rà mú ní gbogbo ìgbà, wọn kì í rójú rẹ̀ mọ́ tó bá lọ. Lọ jókòó ti ìyàwó rẹ."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n di fóònù mú. Fídíò náà mì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gé àwọn méjèèjì lórí. Ohùn bàbá nìkan ló já gaara: "Ọkọ ọmọ mi, gbójú sókè!"

Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wọn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí fídíò tí bàbá yà náà sórí díìsì fún ẹ̀rọ bàbá. Kò fọwọ́ kan ohùn rẹ̀.