Àpò Oorun Mojíbádé

Nígbà tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Arìnnàkore jí àwọn èrò inú rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́, igba ènìyàn ló jáde nínú àpò oorun, tí wọ́n ń yán, tí wọ́n ń béèrè oúnjẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè dìde. Mojíbádé ni, ọmọ ọdún méje, ọmọ Fadérera, ẹni tó wọn gbogbo wọn fún àpò oorun kí wọ́n tó gbéra.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, àfi kó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ àpò oorun. Àpò náà kò ní iná nínú. Ooru ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń ká mọ́. Bó bá fún jù, òwú inú rẹ̀ á tẹ̀ pẹrẹsẹ, otútù á ráyè wọlé. Bó bá sì tóbi jù, ara á máa fi ooru rẹ̀ bọ́ àyè òfìfo títí ooru á fi tán, ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Fadérera sọ èyí fún àwọn àgbà ìrìnàjò títí ẹnu fi bó o.

“Bí ọmọ bá na ẹsẹ̀ tán,” ó wí fún wọn, “àyè tó kù nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.”

Bàbá Ògúnṣàkin, tó jẹ́ baba ọkọ rẹ̀ àti olórí àwọn àgbà náà, rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ta ló ń rán aṣọ tó ṣe rẹ́gí fún ọmọ tó ń dàgbà? Kí ọdún tó yípo, ó ti fò ré kọjá orúnkún!”

“Bàbá, ènìyàn kì í dàgbà nínú oorun yìí. Ojú kan ni ara máa dúró sí.”

“Mo gbọ́,” ni Bàbá wí. Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbà.

Àṣà wọn ni pé àgbà ilé ló ń tẹ́ àwọn ọmọ ilé sínú àpò. Ìgbà tí Fadérera fi parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará yòókù, Bàbá ti fa síìpù ọmọ rẹ̀ dé ọrùn. Ó rí i pé àpò náà gùn, ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ nísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí síìpù.

“Ṣé ohun tí mo dì lo fẹ́ tú wò ni?” Bàbá bi í, lójú gbogbo àwọn àgbà.

Fadérera kúnlẹ̀. “Rárá o, Bàbá.” Ó sì wọ àpò tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí oorun wọn pé ogójì ọjọ́, ẹ̀rọ amúlégbóná ọkọ̀ dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló gbà á kó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Gbogbo ẹni tí àpò rẹ̀ bá a mu ló sùn ín já. Mojíbádé nìkan ló wà nínú àpò àgbàlagbà, èyí tó dára jù lọ nínú ẹrù ìpamọ́, tí bàbá rẹ̀ àgbà fi kẹ́ ẹ.

Dókítà ọkọ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó mi orí. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àfi kí wọ́n gé e.

Fadérera wọ́ àpò náà lọ bá Bàbá níbi tó jókòó sí, ó sọ ọ́ lù ú láyà. “Ó ti dàgbà tó o, àbí? Ẹ sọ fún mi! Kí ni kí n wí fún ọmọ yín, ọkọ mi, tó ti ṣáájú wa lọ síbi tí à ń lọ, tó ń dúró dè wá níbẹ̀?”

“Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, Fadérera.”

“Ìfẹ́ yín ti gé ọmọ mi lẹ́sẹ̀!”

Inú ń bí i sí bàbá náà, ṣùgbọ́n èyí tó ń bí i sí ara rẹ̀ ló burú jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan síìpù yẹn. Kí ló kúnlẹ̀ fún?

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Bàbá wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílé Ògúnṣàkin.

“Ẹ dìde,” Fadérera wí. “Mi ò ní í gbà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ títí dọ̀la, mi ò ní í gbà.”

Orí ibùsùn ni Mojíbádé ti gbọ́ ohùn wọn. Kò tíì mọ ẹni tó ṣe é; wọ́n ti fi ọ̀já wé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì tíì sọ fún un pé wọ́n ti gé e. “Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ wá pọ̀n mí. Ó ti sú mi níbí.”

Bàbá wo ojú Fadérera. Níkẹyìn, Fadérera gbé ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀yìn bàbá náà, ó sì fi ìró ara rẹ̀ gbà á mọ́ ọn, ó so ó le.

“Ẹ máa lọ, Bàbá àgbà,” ọmọ náà wí. “Tí ẹsẹ̀ mi bá ti san, màá sọ̀ kalẹ̀.”