Ṣílè Tí Ọmọ́wùnmí Fọ̀

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ju ṣílè sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí sí bí ó ṣe ń dún. Oòrùn Inísà tàn sí i lọ́rùn, Gbádébọ̀ sì gbàgbé ohun tó gbé e wá.

Gbádébọ̀ ló ni àwọn ṣílè náà. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ló ń ṣe ní Ìkìrun. Ìyá rẹ̀ àgbà tó kú ní Ìbà ló fi ṣílè fàdákà mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní Bàbá Oyèdélé, ọ̀gá pósítọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, ń ra irú owó ayé òyìnbó bẹ́ẹ̀, ó ń kó wọn jọ. Bàbá ò sí nílé. Ọmọ rẹ̀, Ọmọ́wùnmí, tó ń tẹ taípù ní sẹkitéríàtì Òkukù, ló ń yẹ̀ wọ́n wò.

"Méjì ń dún gooro," ni Ọmọ́wùnmí wí. "Ìkẹta yìí kàn ń dún kù." Ó fa òòfà yọ. Ṣílè náà fò mọ́ ọn. "Fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà, ẹ̀gbọ́n. Ayédèrú ni."

Àwọn aládùúgbò tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo Gbádébọ̀. "Èmi tí mò ń tú òòfà lára sípíkà lójoojúmọ́!"

Ọmọ́wùnmí sìn ín dé títì. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Kò sẹ́ni tó pè yín ní gbájúẹ̀."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n padà wá."

"Kí lẹ máa gbé wá?"

"Ara mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màá fi òòfà wò yín o!"

Ó padà wá, kò sì yéé padà wá. Kó tó di ọyẹ́, ó ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, òun náà ń pè é ní Àkànjí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàbá ń fẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fajú ro. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùlé jò sórí àpótí owó rẹ̀, Gbádébọ̀ ló gbé àpótí tí ọ̀rinrin ò lè wọ̀ wá, tó sì rán àpò kékeré fún owó kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Ojú Bàbá rọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò mọ ara wọn.

Ohun kan wà tí Bàbá ò gbà rárá: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ owó náà. "Dúdú ara rẹ̀ ni ẹ̀wù rẹ̀," ni ó máa ń wí. "Ẹni tó bá bọ́ ọ, ó ti bà á jẹ́."

Ọmọ́wùnmí mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àna dé, ó fẹ́ kí wọ́n rí ọlá bàbá rẹ̀ kó máa dán. Bàbá lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọba tí wọ́n yà sára wọn ti họ yánnayànna.

Bàbá dé, ó ṣí àpótí. Ìbínú ò jẹ́ kó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa.

"Wọ́n ti pààrọ̀ owó mi! Ayédèrú ló ń dán báyìí! Ta ló dé ìdí àpótí yìí? Onírédíò yẹn tó wá tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe láàárọ̀ ni!"

Ọmọ́wùnmí la ẹnu. Ohùn ò jáde.

Bí Gbádébọ̀ ṣe dé nìyẹn, ó ru iṣu àlejò ọ̀la. Bàbá pè é lólè lójú gbogbo àdúgbò, ó sì ju iṣu náà síta. Gbádébọ̀ wo Ọmọ́wùnmí. Ó rí eérú lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan.

"Ó dàbọ̀, Bàbá," ni ó wí. Ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí àna tó wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọmọ́wùnmí ò lè gbé orí sókè. Lọ́jọ́ Ajé, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Òkukù, omijé ò jẹ́ kó rí ohun tó ń tẹ̀. Kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, tó gbọ́ tí Bàbá tún ń ròyìn olè náà fún àwọn aládùúgbò, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Owó yín gan-an nìyẹn. Èmi ni mo fọ̀ wọ́n."

Bàbá dìde lórí àga.

"O wá jẹ́ kí n pe ọmọ ọlọ́mọ lólè?"

"Ojú ń tì mí, sà."

Bàbá fà á dìde. "Ojú ń ti èmi náà. A ó lọ bá a."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìkìrun. Bàbá ṣí fìlà, ó bẹ Gbádébọ̀ lójú àwọn oníbàárà tó kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kíá ni Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dé fìlà yín, Bàbá. Ó ti tán." Ṣùgbọ́n kò wo Ọmọ́wùnmí. Bàbá rí i, ó rọra jáde, àwọn oníbàárà náà sì tẹ̀ lé e.

"Ọ̀rọ̀ Bàbá ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀," ni Gbádébọ̀ wí. "Ìdákẹ́ rẹ ni, Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀rù ìbínú wọn ló bà mí. Mo wá gbé ẹ̀bi rù ọ́. Mi ò ní àwíjàre kankan, Àkànjí." Ó nu ojú. "Ìwọ náà rí ọwọ́ mi. Kí ló dé tí o ò sọ pé èmi ni?"

"Mi ò fẹ́ kí ojú tì ọ́."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó bú jáde.

"Kò tíì tán nínú mi o," ni Gbádébọ̀ wí. "O ti jẹun?"

Ó mi orí pé rárá. Gbádébọ̀ bu búrẹ́dì orí tábìlì sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni omijé ń bọ́ sí i. Gbádébọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ọjọ́ wo ni kí àwọn ẹbí mi wá?"

"Ọjọ́ tó bá wù wọ́n, ọmọ mi," ni Bàbá dáhùn látorí bẹ́ńṣì. "Èmi fúnra mi ni n ó dúró ní títì láti pàdé wọn."

Ọmọ́wùnmí gbọ́ ọ, kò lè gbójú sókè. Gbádébọ̀ padà wọlé, ó jókòó tì í, ó na ọwọ́ sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ọmọ́wùnmí tó gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tó gbà á, kò fi í sílẹ̀ mọ́.