Ọmọ Tí Ajíbóyè Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá wù kó pè mí ní onírọ́. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ṣojú mi, ara ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ló sì ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2008.

Ìbejì ni mo bí. Táíwò lọ nígbà tí wọn ò tíì lè dá jókòó. A kì í sọ pé ìbejì kú, nítorí náà, ó lọ ni mo kọ. Kẹ́hìndé nìkan ló kù, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí lójoojúmọ́. Tó bá sùn pẹ́, màá gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èyí tó lọ lè pe èkejì rẹ̀.

Kàmọ́rù ọkọ mi ń ya fọ́tò ní Ìtamága. Ìyá rẹ̀, Màmá Fàlílátù, ló sọ ohun tí a máa ṣe. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ ti ń ṣe é: kí a ya Kẹ́hìndé, kí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan ṣoṣo, kí ọ̀kan dúró fún Táíwò. Tó bá ti ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ níbẹ̀, kò ní wá a wá sílé. Kọ̀ǹpútà ni Kàmọ́rù fi ṣe é. Ọmọ méjì jókòó sórí aṣọ funfun, èjìká kan èjìká. Mo sunkún. Láti ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé ti ń mu ọmú dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè yé yín. Kò sí fọ́tò tí oníbàárà máa gbé lọ wò nílé tí kò ní kọ́kọ́ sọ di kékeré, débi pé tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, bí iyanrìn ni yóò rí. Lẹ́yìn náà, yóò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù dábùú rẹ̀, láti igun dé igun. Tí wọ́n bá mú èyí tó wù wọ́n tán ló tó ń fún wọn ní èyí tó mọ́. Fọ́tò ìbejì nìkan ni kò kọ nǹkan sí. Màmá ní tí a bá fa ohunkóhun kọjá láàárín wọn, a ti yà wọ́n nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wá láti Ẹ̀pẹ́. Páúdà ọmọdé ló ń ṣe, ó sì gbé e wá kí Kàmọ́rù yà á fún pósítà. Ọjọ́ tó wá wo iṣẹ́, ó ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà láti gba àwọn fọ́tò kékeré tó ní orúkọ lára. Kàmọ́rù bọ́ síta lọ dá ẹnìkan lóhùn. Ajíbóyè gba fọ́tò ìbejì tí kò lórúkọ mọ́ ọn.

Èbúté Ìkòròdú ni mo ti rí i, níbi tí mo ti lọ ra ẹja. Pósítà wà lára ògiri, ó wà lára òpó. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń wò mí. Agolo páúdà wà láàárín wọn. Ó ti fi páúdà yà wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kẹ́hìndé kọ ọmú. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì wò ó, kò rí nǹkan kan. Ara rẹ̀ tutù. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ni, bí ẹni tí wọ́n ń pè.

A gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kàmọ́rù bẹ Ajíbóyè pé kó bá wa já àwọn pósítà náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fọ́tò tí a ò kọ orúkọ sí, ta ló ni ín?

"Onífọ́tò, ọmọ kan lo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ìwọ lo kọ́kọ́ purọ́. Èwo nínú wọn ló ní kí n má lo òun?"

Kàmọ́rù tún ń bẹ̀ ẹ́. Èmi ò bẹ̀ ẹ́. Pósítà kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ojú lé ọmọ apá òsì.

"Táíwò," mo ní, "o ti rí ilé ẹni tó ní o ò sí. Máa lọ bá a gbé."

A ò tíì dé Ìmọ́tà lójú ọ̀nà ilé tí Kẹ́hìndé fi wá ọmú. Ó fà á bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òjò ló ń fọ pósítà. Òjò wo ló ń fọ ọmọ kan tí kò fọ èkejì? Mo lọ wò ó ní Èbúté. Apá òsì ti ṣófo. Aṣọ funfun náà tẹ̀ wọnú díẹ̀, níbi tí ọmọ ti jókòó. Wọ́n ní àwọn tuntun tó wà nínú páálí pàápàá rí bákan náà. Kàmọ́rù ṣí tiwa wò lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ kan. Ó pa á dé, kò sì ṣí i mọ́.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́.

Ọ̀sán gangan ni ìyàwó Ajíbóyè wọ ṣọ́ọ̀bù. Morádéyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Kò bímọ rí. Ó so ọ̀já bí ẹni pọnmọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú aṣọ náà. Síbẹ̀, ó wúwo. Ó fà sísàlẹ̀. Ó ń wú, ó ń rọ̀.

Ó ní ọkọ òun ò gbélé mọ́. Ó ní ibikíbi tó bá jókòó sí, ẹkún ọmọ wà lápá òsì rẹ̀. Ó ti di etí yẹn pa. Ó ṣì ń gbọ́ ọ.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é," ó ní. "Ẹ pè é kó máa bọ̀."

Mo wo Kẹ́hìndé lọ́mú mi. Ó ti sanra. Tí mo bá pe Táíwò, ibo ló máa jókòó sí? Wọ́n ti ba àyè rẹ̀ jẹ́. Ọ̀dọ̀ èkejì rẹ̀ ló máa wá tààrà.

"Ọkọ yín sọ pé ọmọ kan ni," mo ní. "Ẹ ní kó ka iye tó wà nílé rẹ̀ báyìí."

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ gbá ìdí aṣọ náà pẹ́pẹ́, bí a ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ojú tó fi ń wò mí ti yí padà.

"Ó dáa," ó ní. "Kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ?"

Mi ò mọ̀. Mo sọ fún un pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ kó tó lọ.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Méjì, nísàlẹ̀."

Mo la ẹnu láti pe Táíwò ọmọ mi. Kẹ́hìndé dì mọ́ mi. Ó ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí mi ò rí.

Mo pa ẹnu dé. Morádéyọ̀ bọ́ sí títì. Ó rọra ń rìn, kó má baà jí i.