Ọrun Tí Kò Jagun Rí

"Ọrun yìí ni baba ńlá mi fi jagun ní igba ọdún sẹ́yìn."

Bí Akọ̀wé ṣe kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí nìyẹn, tó sì gbé e ti ọrun bàbá àgbà rẹ̀ lórí tábìlì kíláàsì. Báírò kì í kúrò lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Akọ̀wé.

Ó ń wù ú kọjá ààlà láti wọ ẹgbẹ́ tafàtafà ilé ìwé wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, yẹ̀yẹ́ làwọn yòókù sì ń fi wọ́n ṣe. Àfi ìgbà tí ọfà títa dé orí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ya bo pápá bí eṣú. Tíṣà ní àwọn mẹ́wàá tí wọ́n bá mú ìtàn ọfà títa tó dára jù lọ wá ni òun máa gbà.

Bàbá àgbà, káfíńtà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, bá ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti gbàgbé awò ojú sílé, kò rí ohun tó wà lára páálí.

Tíṣà fọwọ́ fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun náà. "Akọ̀wé, igba ọdún kẹ̀? Ta ló ń ta okùn ọ̀rá nígbà yẹn?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Akọ̀wé ò tiẹ̀ pé ogún ìṣẹ́jú.

"Àbí wọ́n pààrọ̀ ọsán ẹ̀ ni?" tíṣà bi í.

Ó kù díẹ̀ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá àgbà tó ń retí kí wọ́n dárúkọ òun. Ojú tì í gidigidi.

"Rárá, sà. Irọ́ ni mo pa. Bàbá àgbà mi ló gbẹ́ ẹ. Kò jagun rí."

Bàbá dìde. "Ìyá mi, ṣé èmi tí mo gbẹ́ ẹ ò wá tó ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ ni?"

Omijé bọ́ lójú Akọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé iṣẹ́ káfíńtà ò ní wú wọn lórí ni."

"Ó dáa, jókòó." Bàbá wá kọjú sí àwọn ọmọ. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kì í ráyè jẹun nítorí ọrun gbígbẹ́. Ìbọn dé, àwọn ọdẹ fi ọrun sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé, ó gba pápá mọ́ àwọn tafàtafà lọ́wọ́. Ọsán já, ọrun di ọ̀pá! Àga ni wọ́n wá ń ní kí n kàn. Èyí tí ẹ ń wò yìí, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Mo kàn gbẹ́ ẹ kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé ni."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ títí.

Síbẹ̀, nígbà tí tíṣà ka orúkọ àwọn mẹ́wàá, ti Akọ̀wé kò sí níbẹ̀.

"Ká ní ohun tí Bàbá sọ yìí lo kọ," tíṣà wí fún un, "ìwọ lò bá ṣe ipò kìíní. Padà wá ní sáà tó ń bọ̀." Ó yíjú sí bàbá àgbà. "Bàbá, ọrun márùn-ún ló ti kán mọ́ wa lọ́wọ́, a ò rẹ́ni bá wa gbẹ́ òmíràn."

"Iṣẹ́ dé! Mo sì ti rí ẹni tó máa bá mi fi sánpépà ha igi."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín tòun ti omijé lójú.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń ha ọrun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ta ọfà. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà, ó sì ń gbádùn ẹ̀fẹ̀ bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ariwo ayọ̀ bá ta láti pápá, ó máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ohun tí òtítọ́ ì bá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, irọ́ ló ní kí òun dúró dè é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ ní ti tó ó sọ. Ẹ má fi irọ́ bù kún un.