Ẹni Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Ayùn Mú

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ojú ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀, ní ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì fọ̀ tán lára sìmẹ́ǹtì.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gé pákó. Àbúrò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń darí ayùn àti ẹ̀rọ ìlugi tó ń dá ihò sára pákó. Ètò, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà, ti ayùn ọ̀tọ̀, ti ìlugi ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà oríṣi mìíràn ni wọ́n kọ wọ́n fún. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ògbifọ̀ ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè gbé inú kọ̀ǹpútà ìsọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì ń yí ayùn àti ìlugi. Nítorí náà, Ògbifọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kan sáàárín wọn. Kì í ṣe ti irin, àmì lásán ni. Ẹni tó bá dì í mú ló ń ṣiṣẹ́. Èkejì á dúró.

Lọ́jọ́ náà, àtayùn àtìlugi, àwọn méjèèjì dúró. Ìsọ̀ pa lọ́lọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ẹ̀gbọ́n pariwo, "ṣé àwọn ẹ̀rọ ẹ ti lọ jẹun ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan di kọ́kọ́rọ́ mú."

"Ta ni?"

Àbúrò wo ojú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kan ló di kọ́kọ́rọ́ mú, kò sì sí láàárín àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́. Òkú ètò nìyẹn. Bí ètò bá kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ṣe ni wọ́n máa ń gbà á. Àbúrò ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yìí ṣì ń sáré. Òkú kì í ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Ojú tì í.

"Ṣé kí n fi eyín gé pákó ni?"

Àbúrò fipá gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ayùn han gooro. Ó ta pákó nù, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ta sí àbúrò lẹ́nu, ó gbóná. Àbúrò fa wáyà iná yọ. Kọ̀ǹpútà kú. Ayùn kò kú. Ìgbà tí ìka mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ ló tó dákẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti ilé ìwòsàn dé, àbúrò kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ejò. "Òun mọ̀ ẹ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ náà fò sókè, ó fún àbúrò lọ́rùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n sáré wọlé, ó fi àpótí ìjókòó lu ọwọ́ náà. Ó tún lù ú. Egungun ró pá. Ìka kan kò tú.

Omijé ń dà lójú ẹ̀gbọ́n.

"Rọ́jú, àbúrò mi," ó ní. "Òun ló di kọ́kọ́rọ́ mú báyìí. Tó bá ti kàn mí, màá tú ẹ sílẹ̀."