Tíńtín, Ìyá Ṣíọ̀ àti Ẹyin Mẹ́fà

Tíńtín ni gbogbo ilé ń pè é. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ orí kunkun rẹ̀ ò kéré rárá.

Láràárọ̀, bí Tíńtín bá ti bọ́jú tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá àgbà ti ń sin adìẹ.

Bàbá àgbà kì í sin adìẹ kádìẹ. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ló ń sìn, irú èyí tí àwọn èèyàn ò ní mọ́.

Ó ní Aṣa, tí gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè bíi pé atẹ́gùn ń lé e bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó ní Arúpẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀.

Ó sì ní Abọ́lọ́rùn. Abọ́lọ́rùn dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ pupa, kò sì sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀. Á dà bíi pé onígbàjámọ̀ ló fá a.

Àwọn àlejò máa ń fi Abọ́lọ́rùn rẹ́rìn-ín. Tíńtín kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbà ti sọ fún un pé ìyá òun sin irú adìẹ yìí, ìyá ìyá òun náà sì sìn ín. Nígbà yẹn wọ́n kún ilẹ̀ bíi rẹ́rẹ. Ní báyìí, méjì péré ló kù: abo kan, akọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Tíńtín dé ẹ̀yìnkùlé, kò gbọ́ ohùn Abọ́lọ́rùn.

Abọ́lọ́rùn ti darúgbó, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó sùn sórí ìtẹ́ rẹ̀, kò sì jí mọ́.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹyin mẹ́fà wà níbẹ̀. Ó ti yé wọn, kò tíì sàba lé wọn.

Bàbá àgbà jókòó sórí àpótí. Ó wo àkùkọ. Àkùkọ náà wò ó. Àkùkọ ò sì lè yé ẹyin.

"Ó tán nìyẹn," ni Bàbá àgbà wí.

Màmá fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní kó má bá ara rẹ̀ jẹ́ jù. Ó ní kí òun kúkú din àwọn ẹyin náà, kí wọ́n má bàa ṣòfò. Ó ti gbé abọ́ wá.

Tíńtín ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó kó ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀.

"Mi ò gbà," ni Tíńtín wí.

Màmá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹyin tí kò bá rí ẹni sàba lé e, ẹyin náà ni yóò máa jẹ́.

Tíńtín ní ó dáa, òun á wá ẹni tí yóò sàba lé e.

Ó lọ bá Aṣa. Aṣa wo ẹyin. Ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀, fìrìì. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó lọ bá Arúpẹ̀. Arúpẹ̀ gbìyànjú. Ó jókòó lé ẹyin kan, márùn-ún yọ síta. Ó bọ́ sí òdì kejì, márùn-ún tún yọ síta. Ó sú Arúpẹ̀, ó dìde.

Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó ku Ìyá Ṣíọ̀.

Ìyá Ṣíọ̀ kì í ṣe adìẹ. Gúùsì ni. Ó jọ pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ ó tóbi tó pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ sì gùn bí ọpá.

Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù Ìyá Ṣíọ̀. Ajá ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn báyìí, á na ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ejò, á ní:

"Ṣíọ̀ọ̀ọ̀ọ̀."

Ó ti gé Tíńtín jẹ ní ìdí rí. Odindi ọjọ́ méjì ni Tíńtín fi jẹun lórí ìdúró.

Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ti bàjẹ́ ni Ìyá Ṣíọ̀ jókòó sí, ó ń sàba. Kí ló ń sàba lé? Òkúta. Òkúta roboto mẹ́ta.

Kò sí akọ gúùsì nílé, nítorí náà ẹyin tirẹ̀ kì í pa. Ló bá lọ ṣa òkúta jọ. Bàbá àgbà ti sọ fún un títí pé òkúta kì í di ọmọ. Ìyá Ṣíọ̀ ò gbà.

Tíńtín wo Ìyá Ṣíọ̀. Ó wo ẹyin tó wà nínú aṣọ rẹ̀.

Bọ̀dá Olóúnjẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Òun ló máa ń gbé oúnjẹ adìẹ wá, àpò wà léjìká rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Tíńtín fẹ́ ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ àpò kalẹ̀, gbìì.

Ó ní gúùsì wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó ní yóò fọ́ gbogbo ẹyin náà pátá. Ó tún ní bí wọ́n bá tiẹ̀ pa, kí la fẹ́ fi adìẹ apárí ọrùn ṣe? Ó ní adìẹ funfun ló wà lóde báyìí. Ẹ̀rọ ló ń pa wọ́n, ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ò sì yàtọ̀ sí èkejì.

"Mi ò gbà," ni Tíńtín wí.

Bàbá àgbà gbójú sókè lórí àpótí rẹ̀. Ó pe Tíńtín mọ́ra, ó bá a sọ̀rọ̀ létí.

"Bó o bá sá, á lé ọ. Bó o bá dúró, á rò ó wò."

Tíńtín gbẹ́sẹ̀ kan.

"Ṣíọ̀ọ̀."

Ó gbẹ́sẹ̀ kejì.

"Ṣíọ̀ọ̀ọ̀."

Ó gbẹ́sẹ̀ kẹta. Ìyá Ṣíọ̀ na ọrùn, ó ya ẹnu.

"Ṣíọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀."

Ẹsẹ̀ Tíńtín ti fẹ́ yí padà. Ìdí rẹ̀ rántí ohun tójú rẹ̀ rí níjelòó. Àmọ́ Tíńtín dúró. Ó wo gúùsì lójú.

"Ṣíọ̀ ni ìwọ náà," ni Tíńtín wí.

Ìyá Ṣíọ̀ pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn rí.

Tíńtín tẹ̀ba. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ gúùsì, níbi tó gbóná, tó sì rọ̀. Ó yọ òkúta kan. Ó fi ẹyin kan rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Ṣíọ̀ gé e lápá aṣọ, ó sì dì í mú. Tíńtín ò dúró. Ó yọ òkúta kejì. Ó yọ ìkẹta. Ó ki ẹyin bọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi wọlé.

Ìyá Ṣíọ̀ tú apá aṣọ sílẹ̀. Ó tẹ orí ba. Ó fi ẹnu kan ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ó wá rọra jókòó, wọ̀ọ̀.

Bọ̀dá Olóúnjẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé àpò rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìẹ fi ń pa. Lójoojúmọ́, Tíńtín ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ilẹ̀kùn. Lójoojúmọ́, ó ń gbé omi àti ọkà lọ fún Ìyá Ṣíọ̀.

"Ṣíọ̀ọ̀," ni Ìyá Ṣíọ̀ ń wí.

"Ẹ káàárọ̀, ma," ni Tíńtín ń fi dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, pọ́ọ́. Ẹyin kan fọ́. Bọ̀dá Olóúnjẹ ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Tíńtín sunkún díẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ku márùn-ún.

Lọ́jọ́ keje, nígbà tí Ìyá Ṣíọ̀ dìde lọ jẹun, Bàbá àgbà kó àwọn ẹyin wọ yàrá tí wọ́n ń kó ọkà sí, tó máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sídìí ẹyin kan. Ẹyin náà mọ́lẹ̀ rokoṣo. Tíńtín rí okùn pupa tín-ín-rín nínú rẹ̀, bíi gbòǹgbò. Láàárín wọn, nǹkan dúdú kékeré kan ń ta pọ́n-ún, pọ́n-ún.

Bàbá àgbà ní ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń lù. Tíńtín gbàgbé láti mí.

Ẹyin kan ò ní nǹkan kan nínú. Òbu ni. Ó ku mẹ́rin, wọ́n sì dá wọn padà sínú ìtẹ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, òjò dé. Wáwáwáwá. Omi ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ń bọ̀ wá bá ìtẹ́. Ìyá Ṣíọ̀ ò kúrò lójú kan.

Tíńtín sáré bọ́ sínú òjò. Ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, omi pọ̀.

Ó gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ̀ẹ̀. Kẹ̀ẹ̀. Bàbá àgbà ni. Láti ọjọ́ tí Abọ́lọ́rùn ti kú, kò tíì mú ọkọ́ dání. Ó gbẹ́ ojú àgbàrá, omi sì gba ibòmíràn lọ. Ìtẹ́ gbẹ táútáú.

Àwọn méjèèjì rin gbingbin. Màmá bá wọn wí, ó sì fún wọn ní tíì gbígbóná.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Tíńtín jókòó síwájú kẹ̀kẹ́ ẹrù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó dẹ etí sílẹ̀.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Màmá wá bá a. Ó ní ó ti gbìyànjú, ó gbìyànjú gan-an. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn palẹ̀ ìtẹ́ náà mọ́, kí Ìyá Ṣíọ̀ lè sinmi. Tíńtín wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, kò rí i.

"Mi ò gbà."

Kì í ṣe Tíńtín ló sọ ọ́. Bàbá àgbà ni. Ó dúró sẹ́yìn wọn, ó di ọkọ́ mú. Ó ní kí wọ́n fún un ní ọjọ́ kan sí i.

Wọ́n fún un ní ọjọ́ kan sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíńtín ò tíì bọ́jú tó fi dé ẹ̀yìnkùlé. Ó tẹ̀ba sídìí kẹ̀kẹ́.

Kọ́.

Ó di èémí mú.

Kọ́. Kọ́-kọ́.

Ẹyin kan sán. Ẹnu bíńtín yọ jáde. Orí tẹ̀ lé e. Òròmọdìẹ kan jáde, ó tutù, ó rí jágajàga. Ọrùn rẹ̀ ní ìyẹ́. Bàbá àgbà ní kò burú, àwọn kan máa ń rí bẹ́ẹ̀ láàárín wọn, ọmọ rere ni.

Kọ́-kọ́-kọ́. Ìkejì jáde. Ọrùn rẹ̀ pupa, kò ní ìyẹ́ kankan.

Ìkẹta jáde. Ọrùn rẹ̀ pupa, kò ní ìyẹ́ kankan.

Ìkẹrin ò jáde. Ó lu ẹyin, ó sinmi. Ó tún lù ú, ó tún sinmi. Tíńtín na ọwọ́ láti bá a ṣí i. Bàbá àgbà di ọwọ́ náà mú. Ó ní bí wọ́n bá bá a ṣí i, kò ní lágbára. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó ja ìjà rẹ̀.

Ó jà á. Ó jà á títí oòrùn fi dé àtàrí. Ó wá ta ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, páà, ó já bọ́ síta. Òun ló kéré jù lọ nínú wọn. Ọrùn tirẹ̀ ló sì pupa jù.

Bàbá àgbà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní eruku wọ òun lójú.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Olóúnjẹ tún gbé àpò wá, ó yọjú wo abẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó rọra béèrè bóyá òun lè gbé ọ̀kan wò.

Tíńtín ní kò sí wàhálà, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn.

"Ṣíọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀."

Bọ̀dá Olóúnjẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ kan ò bá a dé ibẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Ìyá Ṣíọ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Omi ni gúùsì mọ̀, omi ló sì kó wọn lọ, síbi ọpọ́n ńlá tí Bàbá àgbà rì mọ́lẹ̀ fún un. Ó wọ inú rẹ̀, ṣọ̀bọ̀lọ̀. Ó yí padà. Ó pè wọ́n, "Káà."

Òròmọdìẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sí etí omi. Wọ́n wo omi. Wọ́n wo ìyá wọn.

Kò sí èyí tó wọlé.

"Káà," ni Ìyá Ṣíọ̀ tún pè.

"Píyọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó béèrè lọ́wọ́ Tíńtín pé ta ló kọ́ wọn ní irú orí kunkun yìí. Tíńtín ní òun ò mọ̀.

Ìyá Ṣíọ̀ wò wọ́n, ó wò wọ́n. Ó jáde nínú omi. Ó gbọn ara, fìrìì, ó sì na ìyẹ́ apá funfun rẹ̀ méjèèjì.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré wọ abẹ́ rẹ̀, gìrì-gìrì-gìrì. Gbogbo wọn wọlé tán pátápátá, àfi ọrùn pupa mẹ́ta tó ń yọ síta, tó ń wo ayé.